Ọjọ́rú Tó Ṣì Wà Lọ́nà

Àwòrán ọjọ́ méjìlá péré ló wà nínú ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ ni Oníkámẹ́rà tó gbé e síbẹ̀ ṣèlérí.

"Ẹ̀yin náà ẹ fojú ara yín rí i," Máníjà wí. Ó ń fi ìka gbá ojú ẹ̀rọ agbàwòrán tó wà lórí tábìlì rẹ̀. "Ẹ yí i sẹ́yìn títí, orí ọjọ́ kejìlá ló máa dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa àwòrán rẹ́ nínú nǹkan yìí? Oníkámẹ́rà. Ta ló ń wọlé ń jáde níbí bíi pé ilé bàbá rẹ̀ ni? Oníkámẹ́rà. Kí lẹ tún wá ń wá kiri?"

Ọ̀gá mi ń yí ojú káàkiri. Ó ń wo fèrèsé, ó ń wo pátákó, ó ń wo bàtà Máníjà. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò kó tó wọ iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Tíṣà ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é. Títí dòní, ṣọ́ọ̀kì kì í tán nínú báàgì rẹ̀. Èmi ni ọlọ́pàábìnrin tí wọ́n ní kó máa tẹ̀ lé e, kó máa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kẹfà rèé tí mo ti ń tẹ̀ lé e, n kò sì tíì mọ ohun tó ń rò rí.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ìgbéyàwó la wà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú ni, àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń pariwo, aṣọ funfun sì so rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀ bí ìkúukùu. Ká sọ òótọ́, ọkàn mi kò sí lára iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ta ni yóò rí aṣọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní í rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀?

Ẹ̀gbà ọrùn ló sọnù, ẹ̀gbà ọrùn péálì onílà mẹ́ta. Ìyá Máníjà ló ni ín, ó sì ti di olóògbé. Bàbá Máníjà, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ló ní kó máa wà nínú dúróà yàrá ìgéṣọ, pé ọmọ iṣẹ́ tí ìyàwó òun bá kọ́ tó sì ń lọ sílé ọkọ ni yóò wọ̀ ọ́. Ìparí oṣù yìí ni Aránṣọ, ọmọbìnrin tí ìyá náà kọ́ kẹ́yìn, ń ṣe ìgbéyàwó. Ẹni tó ń fẹ́ ẹ ni Oníkámẹ́rà. Láti àná ni Oníkámẹ́rà ti wà ní àtìmọ́lé. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gbé e dé iwájú adájọ́.

"Ìgbà wo lẹ rí ẹ̀gbà náà kẹ́yìn?" Tíṣà bi Máníjà.

"Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àná ni mo ṣí dúróà, mo bá a lófìfo."

"Kọ́kọ́rọ́ dúróà ńkọ́?"

"Ara ìṣó ló ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

N kò lè pa á mọ́ra. "Ọ̀gá, ìyàwó rẹ̀ ló máa wọ ẹ̀gbà yẹn. Kí ló máa jí i fún?"

Máníjà wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ọwọ́. "Àbúrò mi kékeré, wíwọ̀ ọjọ́ kan yàtọ̀ sí níní títí ayé."

"Ọjọ́ mélòó ni ẹ gbọ́ pé ẹ̀rọ yìí ń tọ́jú àwòrán?" Tíṣà tún bi í.

"Ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n ló kọ sínú ìwé, ọgbọ̀n ni mo mọ̀, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti pa á rẹ́."

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo rí lórí ìwé rẹ̀: ọgbọ̀n.

* * *

Yàrá ìgéṣọ la ti bá Aránṣọ. Ojú rẹ̀ ti wú. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́ tónítóní lórí aṣọ sílíìkì. Kámẹ́rà kan ń wò wá láti òkè. Ó dojú kọ tábìlì ńlá, kọ́bọ́ọ̀dù tí dúróà náà wà lára rẹ̀, àti aago ara ògiri.

"Àná ló pé ọ̀sẹ̀ méjì gééré tí mo nu péálì náà," ó wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dá a padà sínú dúróà fúnra mi, n kò sì tún ṣí i mọ́. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá ń wò ó."

"Kí ló jẹ́ kó dá ọ lójú pé Ìṣẹ́gun ni?"

"Ọjọ́ yẹn ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún mi níka, mà. Mo kọ́kọ́ di báńdéèjì kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sí péálì. Ọjọ́ márùn-ún ló fi wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀rọ agbàwòrán yẹn, ọjọ́ mélòó ló ń tọ́jú?"

"Ó sọ fún mi pé ọgbọ̀n." Omi lé sí i lójú. "Màmá, ẹni tí kò lè wo ojú mi sọ pé òun fẹ́ mi, tó jẹ́ pé inú àtẹ̀jíṣẹ́ ló ti sọ ọ́, ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa lè jalè?"

Èmi ti gbà fún un tipẹ́. Tíṣà kàn rọra fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ ni.

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ló kàn. Ìyá àgbà kan ni, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú.

"Ọjọ́ mélòó? Méjìlá ni o!" ó wí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Etí mi dìde. Ẹnu gbogbo ènìyàn kò kúrò lórí ọgbọ̀n.

"Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Agbòjò mi ni. Agbòjò aláwọ̀ ewé tí ọmọ mi fún mi sọnù síbí ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Mo wá a títí, n kò rí i. Ìgbà tí n ó fi ní kí wọ́n bá mi wo inú ẹ̀rọ, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá. Máníjà yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, 'Màmá, ẹ má bínú, kì í kọjá ọjọ́ méjìlá.' Ọmọ dáadáa ni. Ó tún fún mi ní agbòjò tirẹ̀. Ṣé kí n mú un wá kí ẹ rí i?"

"Rárá, Màmá. Ẹ ṣeun."

A dé ìta, mo bẹ́ mọ́ Tíṣà. "Akọ̀wé ni! Òun ló mọ iye ọjọ́! Ẹni tó bá jí nǹkan, tó mọ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá kò ní í sí àwòrán mọ́, yóò kàn dákẹ́ títí ọjọ́ yóò fi pé ni."

"Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ dára gan-an," Tíṣà wí. "Má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ nǹkan tó sì sọ ọ́ fún mi kò bà mí lẹ́rù tó ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ní òun kò mọ̀."

Ó ti wọ inú ọkọ̀ kí n tó rántí ohun tí Máníjà sọ.

* * *

Wọ́n mú Oníkámẹ́rà jáde wá bá wa nínú yàrá ìbéèrè. Ó ga, ó tinrín, irùngbọ̀n ọjọ́ kan sì ti hù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo rí i pé ìwé kan wà tó ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ìṣirò mi nìyí," ó wí. "Mo ti ṣe é ní ìgbà mẹ́rin láti àná. Ọgbọ̀n ló ń fún mi. Ẹ̀rọ náà kò lè dúró sórí ọjọ́ kejìlá tí kì í bá ṣe pé ẹnìkan pa àwòrán rẹ́. Kì í sì í ṣe èmi, Ọlọ́run ń gbọ́ mi."

Tíṣà gba ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì yọ ṣọ́ọ̀kì. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yí ojú padà kó má baà rẹ́rìn-ín.

"Sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ fún ọmọ kíláàsì kẹta."

"Àwòrán ní ìwọ̀n, mà, bí ìrẹsì. Gíìgì la fi ń wọ̀n ọ́n. Kámẹ́rà kan ń kó gíìgì mọ́kànlá ó dín díẹ̀ wálé lóòjọ́. Mẹ́fà ni wọ́n. Àpapọ̀ jẹ́ márùndínláàádọ́rin. Àpò tó ń gbà á, ìyẹn díìsìkì, gba ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ pín in."

"Ọgbọ̀n ọjọ́ ó lé díẹ̀," Tíṣà wí. Ó fi ilà sí abẹ́ rẹ̀. "Tí àpò bá kún ńkọ́?"

"Tuntun á gorí ògbólógbòó. Ọjọ́ tó pẹ́ jù á kọ́kọ́ lọ."

"Fúnra rẹ̀?"

"Fúnra rẹ̀, mà."

"Gíìgì mọ́kànlá yìí, níbo lo ti rí i?"

"Mo wọ̀n ọ́n. N kì í gbára lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí mo ń wò ó."

"Ọjọ́ wo?"

"Sọ́ńdè."

Tíṣà gbé orí sókè. "Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn. Kí ló dé tí o kò wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́?"

Etí rẹ̀ pọ́n. N kò rí ọkùnrin tí etí rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Ó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Aránṣọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ wo ilé, mo já bọ́ lórí àkàbà nítorí rẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé Sọ́ńdè ni kí n lọ ṣiṣẹ́ mi."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Tíṣà tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lójú kan náà ló padà sórí ilẹ̀.

"Gbọ́, ọmọ mi. Tí mo bá ní kí ìwọ ya àwòrán ògiri kan fún mi ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kí lo máa ṣe?"

"Màá yà á lẹ́ẹ̀kan, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'bákan náà'..." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. "Háà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà ń ṣe. Yàrá tó dákẹ́ fúyẹ́. Yàrá tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n, tí aṣọ ń fò, tí ènìyàn ń kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sí 'bákan náà' níbẹ̀. Mo wò ó lára ẹ̀rọ náà láàárọ̀ yìí. Ká da ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń kó gíìgì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lóòjọ́. Ní ọ̀nà mẹ́fà?"

"Méjìlélọ́gọ́jọ."

"Pín ẹgbẹ̀rún méjì sí i."

Kò dúró gba ṣọ́ọ̀kì. "Méjìlá," ó wí. Ó jókòó wọlẹ̀ pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Èmi ni mo ṣi ojú òṣùwọ̀n. Àfi kí n má ríran jìnnà ju imú mi lọ!"

"Ìfẹ́ ni," mo wí. Tíṣà ní kí n dákẹ́.

"Ìyẹn fi hàn pé o kò pa nǹkan kan rẹ́," ó wí fún un. "Kò tíì fi hàn pé o kò mú péálì. Tí mo bá lọ sí kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì yìí nìkan, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé kò sí ibòmíràn tí àwòrán kan lè wà?"

"Kò sí, mà. Àfi kámẹ́rà yàrá ìgéṣọ, tó ń lọ sí ilé Bàbá. Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá, kò lè wá síbi iṣẹ́ mọ́, ó sì fẹ́ máa rí wọn. Mo fi àpótí kékeré kan síbẹ̀ tó ń ti àwòrán náà ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lórí ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kì í tọ́jú nǹkan kan. Ohun tó bá ti dé, Bàbá á wò ó, ó ti lọ nìyẹn."

"Ìlà yẹn, Sọ́ńdè lo wọn òun náà?"

"Sọ́ńdè náà ni. Ó lè gbé ìlọ́po méjì ohun tó..." Kò parí rẹ̀.

"Ìgbà wo lo tan àpótí náà?"

"Àádọ́rin ọjọ́ lónìí, mà."

"O kò tilẹ̀ wo kàlẹ́ńdà?"

"Ọjọ́rú ni. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ bá mi rẹ́rìn-ín."

Tíṣà dìde, ó gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì lára yẹ̀rì rẹ̀. Ó ń sáré, bẹ́ẹ̀ n kò rí i kó sáré rí.

* * *

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí a dé ilé Bàbá. Àga onírọ̀rí kan dojú kọ tẹlifíṣọ̀n, Bàbá sì dojú kọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣọ́nà. Yàrá ìgéṣọ ló ń fi hàn. Kò sí ohùn níbẹ̀, àwòrán nìkan ni.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá."

"Ẹ káàbọ̀. Tí ẹ bá wá nítorí orí mi, ẹ jókòó. Tí ẹ bá wá nítorí péálì, ẹ jókòó náà."

"Kí ló ṣe orí yín, sà?" mo bi í.

"Ọmọ mi ní kò pé mọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. "Mo ní aago ara ògiri wọn ti ya wèrè, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo jí lọ́sàn-án gangan, mo rí òkùnkùn ní ilé iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n tan iná, ó ní, 'Bàbá, ẹ lọ sinmi.' Àwọn ènìyàn á rìn díẹ̀, wọ́n á dúró gbagidi bí ère, wọ́n á tún rìn. Èmi ni mo sọ pé kí Oníkámẹ́rà yọ nọ́ńbà ọjọ́ kúrò lójú àwòrán nígbà náà, torí ó ń bo iṣẹ́ mọ́ mi lójú. Mo wá ń rò ó pé bóyá lóòótọ́ ni. Ó ní dókítà kan ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó máa fọwọ́ sí ìwé pé orí mi kò pé."

Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ wo ọmọbìnrin yẹn. Ẹ bá mi sọ fún un kó lọ sílé. Ẹni tó di báńdéèjì sọ́wọ́ kò gbọdọ̀ máa rán sílíìkì."

Mo wò ó. Aránṣọ ni. Báńdéèjì funfun yí ìka rẹ̀ ká, ó tóbi bí ẹyin àdàbà. Wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ka ìka ọmọbìnrin yìí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tí gbogbo wọn mọ́ tónítóní.

Mo fọwọ́ kan Tíṣà.

"Bàbá," Tíṣà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ bá mi ka aago ara ògiri yẹn."

"Mọ́kànlá ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ tèmi kò tíì lu mọ́kànlá. Ẹ rí i?"

Tíṣà yọ ṣọ́ọ̀kì. Kò rí ibi tó máa kọ ọ́ sí, ló bá kọ ọ́ sára àpótí ìtìsẹ̀ Bàbá. "Kámẹ́rà ń kó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lóòjọ́. Ìlà kò lè gbé ju ìlọ́po méjì ti Sọ́ńdè lọ, ìyẹn mọ́kànlélógún ààbọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló ń gba ọjọ́ márùn-ún kó tó dé ibí. Èyí tí kò bá tíì kọjá á tò sẹ́yìn nínú àpótí kékeré, á máa dúró de tirẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn àádọ́rin ọjọ́..."

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta péré ló ti dé," mo wí. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló wà lọ́nà!"

"Ọjọ́rú òní kọ́ ni Bàbá ń wò yìí. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni, ọjọ́ kejì tí abẹ́rẹ́ gún Aránṣọ. Wàyí o, rántí ọ̀rọ̀ rẹ tí mo ní kí o má sọ nù. Olè tó mọ̀ pé ọjọ́ méjìlá ni. Ó dákẹ́ títí ọjọ́ méjìlá fi pé, ó fi ọjọ́ kan lé e kó lè dá a lójú, ó wá pariwo lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ka ọjọ́ mẹ́tàlá sẹ́yìn láti àná."

Mo ka ìka mi. Ó bọ́ sórí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo wo tẹlifíṣọ̀n náà.

"Aago mélòó ni wọ́n ń lọ ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́, Bàbá?"

"Aago kan, gbogbo wọn. Èmi náà máa ń sùn láti aago kan di aago kan ààbọ̀. Gbogbo ilé yìí ló mọ̀."

"Nígbà náà, aago kan ni, ìgbà tí yàrá ń ṣófo tí ẹ̀yin náà ń sùn. Ó kù wákàtí kan ààbọ̀ lórí àwòrán. Tí iṣẹ́ bá gbóná, wákàtí kan àwòrán ń gba wákàtí méjì kó tó rá kọjá lórí ìlà yìí. Aago méjì ọ̀sán, a ó rí i."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ ṣí àpótí kékeré yẹn nísinsìnyí," mo wí. "Oníkámẹ́rà máa mọ̀ ọ́n ṣí."

"Tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan án, wọ́n á ní òun ló se ohun tó jáde. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan án. Pe àgọ́, kí ọlọ́pàá kan lọ dúró tì í. Ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀."

* * *

Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, yàrá Bàbá kún. Aránṣọ jókòó sí igun kan, Oníkámẹ́rà sí igun kejì pẹ̀lú ọlọ́pàá, wọn kò sì yé wo ara wọn. Máníjà ló wọlé kẹ́yìn.

"Kí ni èyí? Ẹ kó ọ̀daràn wá sí iwájú bàbá mi? Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá!"

"Ẹ jókòó, ọ̀gá," Tíṣà wí. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ bo ibi tí wọ́n ki wáyà tẹlifíṣọ̀n sí. "A ń wo ibi iṣẹ́ yín ni. Ìsinmi ọ̀sán ló kàn báyìí."

"Ìsinmi ti parí! Wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́!"

"Tòní ti parí. Ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló kù."

Kò yé e. Mo rí i pé kò yé e. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó rí aago ara ògiri tó kù díẹ̀ kó lu kan, ó rí Aránṣọ méjì: ọ̀kan nínú yàrá láìní báńdéèjì, ọ̀kan lójú àwòrán pẹ̀lú báńdéèjì tó ń ká aṣọ rẹ̀ jọ. Àwọn tó wà lójú àwòrán dìde, wọ́n jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Yàrá náà ṣófo.

Máníjà dìde. "Bàbá kò gbọdọ̀ máa wo nǹkan yìí. Ó ń da orí wọn rú. Ẹ jẹ́ kí n pa á."

"Fi sílẹ̀," Bàbá wí.

"Bàbá..."

"Mo ní kí o fi sílẹ̀. Jókòó."

Lójú àwòrán, ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan wọlé. Ó fẹ̀yìn sí wa. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó rìn dé ibi kọ́bọ́ọ̀dù, ó na ọwọ́ sí dúróà.

Àwòrán dúró gbagidi.

Èjìká nìkan la rí, àti ọwọ́ tó nà. Oníkámẹ́rà ń rọra sọ ọ́ lábẹ́ èémí, "Kọjá, kọjá, jọ̀ọ́, kọjá," bí ẹni ń bẹ ẹranko.

"Ẹnikẹ́ni lè jẹ́ ìyẹn," Máníjà wí. "Ẹ̀yìn ènìyàn lásán. Oníkámẹ́rà ga bẹ́ẹ̀."

"Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni," Tíṣà gbà fún un. "Láàárọ̀ yìí, mo bi ènìyàn mẹ́rin léèrè iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ agbàwòrán ń tọ́jú. Mẹ́ta ní ọgbọ̀n. Akọ̀wé nìkan ló ní méjìlá, ó sì ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún òun nígbà tí ẹ ń wá agbòjò. Ẹ sọ òótọ́ fún un nítorí agbòjò. Kí ló dé tí ẹ fi parọ́ fún mi nítorí péálì?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà.

Àwòrán mì, ó ṣí. Ọkùnrin náà yọ nǹkan funfun kan, ó gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wa. Máníjà ni.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ sunkún. Bàbá ń wo ojú ọmọ rẹ̀ lójú àwòrán. Kò wo èyí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"N kò jalè," Máníjà wí níkẹyìn. "Ti ìyá mi ni. Lọ́rùn ìyá mi ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fẹ́ kí n jókòó kí n máa wo ọmọ iṣẹ́ kan tó fẹ́ fi jó kiri?"

"Ìyá rẹ ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀," Bàbá wí. "Ká ní o bá mi sọ ọ́ ni, mo lè gbọ́. O tún sọ ọmọ ọlọ́mọ sí àtìmọ́lé." Ó mí kanlẹ̀. "O ní orí mi kò pé."

Máníjà ki ọwọ́ sínú àpò inú kóòtù rẹ̀. Ibẹ̀ ni péálì náà wà, ó gbé e kiri lára fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbé e lé itan bàbá rẹ̀, ó sì nawọ́ sí mi kí n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i. Ọwọ́ mi kò yá bí mo ṣe rò pé yóò yá.

Wọ́n tú Oníkámẹ́rà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ bá Aránṣọ, ó wo ojú rẹ̀ tààrà níwájú gbogbo wa, ó ní, "Mo fẹ́ ọ." Aránṣọ ní, "Mo ti kà á nínú àtẹ̀jíṣẹ́." Mo yíjú sí fèrèsé, mo ní eruku ló wọ̀ mí lójú.

"Nígbà náà," Bàbá bi Tíṣà, "orí mi pé?"

"Ó pé ju tèmi lọ, sà. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lẹ ń rí, ẹ sì ń rí i dáadáa. Ìlà yín ló tẹ́ẹ́rẹ́."

Oníkámẹ́rà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ìṣirò mi ló kùnà. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí màá fi ìlà tó gbòòrò sí i. Tòní ni ẹ ó máa rí, lójú ẹsẹ̀."

Bàbá ti yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n. Mo tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Lójú àwòrán, ìsinmi ti parí. Máníjà ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti padà wọlé pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń bá Akọ̀wé ṣẹ̀fẹ̀ kan tí a kò gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún etí aṣọ ìyàwó kan ṣe, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ilé, ọkọ̀ ọlọ́pàá tó gbé Máníjà tòní ti ń lọ.

"Tí o bá tún un ṣe," Bàbá wí, "àga rẹ̀ á ti ṣófo nígbà tí mo bá jí lọ́la."

Ó yíjú sí Tíṣà.

"Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì, bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mélòó ló kù kó tó dé òní?"

Tíṣà fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì nínú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́.

"Mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀, sà."

Bàbá fa àga rẹ̀ súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n náà díẹ̀ sí i, péálì ṣì wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná," ó wí.